Bí A Ṣe Ń Di Eṣúṣú Dúdú Mọ́ Ìwọ̀ Ìpẹja: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Ọ

Kí ẹ tó mú ohunkóhun mìíràn, ẹ bu omi sínú abọ́ kan, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ máa jókòó sí. Ìwọ̀, òwú, ìyẹ́ àti àlùmọ́gàjí ni irinṣẹ́ wa, àmọ́ abọ́ omi yìí ló ń sọ fún mi bóyá iṣẹ́ mi dára. Eṣúṣú la fẹ́ kí ìjẹ yìí jọ, inú omi ni eṣúṣú sì wà. Nígbà tó bá gbẹ lórí tábìlì, irun wúruwùru lásán ni. Ẹ rì í sómi, kí ẹ fà á díẹ̀: irun á lẹ̀ mọ́ra, ara á tẹ́ẹ́rẹ́, ìrù á bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ohun tí ẹja ń rí nìyẹn.

Fún ẹni tí kò tíì mọ irú ìpẹja yìí rárá: a kì í fi ekòló tàbí ẹran sẹ́nu ìwọ̀. Ìyẹ́, irun àti òwú la ń wé mọ́ ìwọ̀ títí á fi jọ ohun tí ẹja ń jẹ. Òyìnbó ń pè é ní fly, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló jọ kòkòrò tó ń fò. Ìjẹ náà fúyẹ́ débi pé a ò lè jù ú lọ jìnnà lásán. Okùn tó nípọn, tó ní ìwúwo tirẹ̀, ló ń gbé e lọ.

Ẹni tó bá wẹ̀ nínú ọ̀gọ̀dọ̀ rí nílé mọ eṣúṣú, ó lè ti já ọ̀kan kúrò lẹ́sẹ̀ rí. Níbi tí mò ń gbé ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, eṣúṣú wà nínú adágún àti odò tó rọra ń ṣàn, lábẹ́ òkúta àti láàárín koríko omi. Ọ̀pọ̀ irú wọn kì í tiẹ̀ mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ìgbín omi àti kòkòrò kéékèèké ni wọ́n ń jẹ. Bó bá ń lúwẹ̀ẹ́, ara rẹ̀ á di pẹlẹbẹ bíi rìbọ́ọ̀nù, á máa yí sókè sódò bí ìgbì. Kò ní egungun, kò ní ìkarahun, kò sì yára. Ẹran tó rọ ẹja lọ́rùn ni, yálà trout tàbí bass, irú ẹja méjì tí àwọn apẹja níbí máa ń wá.

Ìjẹ tó gbajúmọ̀ jù nínú ẹbí yìí ni Woolly Bugger, tí Russell Blessing, ará Pennsylvania níbí, kọ́kọ́ dì ní 1967 láti fi pẹ smallmouth bass. Kòkòrò omi kan tí wọ́n ń pè ní hellgrammite ló ní lọ́kàn nígbà náà, kì í ṣe eṣúṣú, àmọ́ ìrù rẹ̀ tí wọ́n fi marabou, ìyẹ́ rírọ̀ kan, ṣe, tó ń mì lẹ̀ǹgẹ́lẹ̀ǹgẹ́ yẹn, mú kí ọ̀pọ̀ apẹja máa lò ó bí eṣúṣú. Èyí tí mo fẹ́ kọ́ yín rọrùn ju ti Blessing lọ. A ò ní wé ìyẹ́ ọrùn àkùkọ mọ́ ọn lára, torí pé ibẹ̀ ni ìyẹ́ ti máa ń já mọ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́.

Ohun tí ẹ máa wá

Ẹ nílò fáìsì kékeré tó ń di ìwọ̀ mú, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ etí tábìlì. Ẹ má ra èyí tó wọ́n jù níbẹ̀rẹ̀. Bó bá ti lè di ìwọ̀ mú láìmì, ó tó. Bọ́bìnì tún wà. Kì í ṣe ti màṣíìnì ìránṣọ o. Ohun onírin kan ni, ó ní apá méjì tó gbá rílì òwú mú, ó sì ní ihò gígùn bí ìfun bírò tí òwú ń gbà jáde. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, á rọ̀ sísàlẹ̀, ìwúwo rẹ̀ á máa fa òwú kó má baà tú. Àlùmọ́gàjí yín gbọ́dọ̀ mú dé ṣóńṣó, kí ẹ má sì fi gé wáyà láéláé.

Ìwọ̀: nọ́ńbà 10, irú èyí tí ara rẹ̀ gùn, tí wọ́n ń kọ 3XL sára páálí rẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìwọ̀ ń kéré sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ra èyí tí kò yẹ nítorí èyí. Ìlẹ̀kẹ̀ idẹ, dúdú tàbí aláwọ̀ wúrà, 1/8 inṣi, ìyẹn bíi mílímítà 3.2. Òun ló máa jẹ́ kí orí ìjẹ náà wúwo. Òwú dúdú tí wọ́n kọ 6/0 sí lára. Òwú mohair dúdú, irun ewúrẹ́ Angora ni, inṣi mẹ́fà á tó fún ìjẹ kan. Ibi tí wọ́n ti ń ta òwú tí wọ́n fi ń hun súẹ́tà lẹ ti máa rí i. Ẹ tún wá kútẹ́ẹ̀sì aláìláwọ̀, abẹ́rẹ́, ẹ̀mú kékeré, àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù.

Ó ku marabou. Orúkọ yìí wá láti ọ̀dọ̀ ẹyẹ marabou, àkọ̀ ńlá kan tó pá lórí, tó máa ń jẹ òkú ẹran nílẹ̀ Áfíríkà. Ó wà lókè ọya nílé náà. Ìyẹ́ rírọ̀ ara rẹ̀ ni wọ́n ń lò nígbà kan rí. Lónìí, tòlótòló ni wọ́n ń tu, tí wọ́n ń pa ìyẹ́ rẹ̀ láró, ṣùgbọ́n orúkọ ẹyẹ ilẹ̀ wa ló ṣì wà lára ọ̀rá tí wọ́n ń tà á sí. Inú mi máa ń dùn sí i nígbàkigbà tí mo bá já ọ̀kan.

Ọwọ́ òwú

Nílé wa ní Ìbàdàn, ìyá mi máa ń kó irun fáwọn ará àdúgbò, òwú dúdú ló fi ń kó o. Á pín irun, á gbé òwú sídìí rẹ̀, á wá máa wé e lọ sókè, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, kò ní fi àyè sílẹ̀, kò sì ní gun ara wọn. Mo rántí bó ṣe ń sọ fún àbúrò mi obìnrin tó ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀ pé òwú tó bá dẹ̀, irun ò ní dúró; òwú tó bá le jù, olórí ò ní sùn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó ti fáìsì, ọ̀rọ̀ yẹn ló wá sí mi lọ́kàn. Iṣẹ́ kan náà ni. Bí òwú bá dẹ̀, ìrù á yí lórí ìwọ̀, á sì bọ́ lẹ́yìn ẹja kan ṣoṣo. Bó bá le jù, á já, gbogbo ohun tí ẹ ti dì á tú.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ṣe èyí: ẹ wé òwú mọ́ ìwọ̀ òfìfo lẹ́ẹ̀mẹwàá, kí ẹ wá fà á, fà á, títí á fi já. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ọwọ́ yín ti mọ ibi tí agbára òwú náà parí sí nìyẹn. Díẹ̀ kó tó dé ibẹ̀ ni kí ẹ máa ṣiṣẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dì í

Ẹ fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún ẹnu ìwọ̀ wọlẹ̀. Ẹ̀gún yẹn ni kì í jẹ́ kí ìwọ̀ jáde lára ohun tó bá wọ̀, ìka yín náà wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀ tí kò ní ẹ̀gún rọrùn láti yọ lẹ́nu ẹja tí a fẹ́ dá padà sómi, ó sì rọrùn láti yọ lọ́wọ́ ẹni.

Ẹ wo ìlẹ̀kẹ̀ dáadáa: ihò rẹ̀ kéré lápá kan, ó fẹ̀ lápá kejì. Ẹ ki ẹnu ìwọ̀ bọ apá tó kéré, kí ẹ ti ìlẹ̀kẹ̀ náà gba ibi tí ìwọ̀ ti tẹ̀, kó lọ dúró sẹ́yìn ojú ìwọ̀, ìyẹn ihò tí a ń so okùn mọ́. Bí ẹ bá gba apá tó fẹ̀, á gun orí ojú ìwọ̀, ẹ ò sì ní ríbi so okùn mọ́. Ẹ wá fi fáìsì gbá ìwọ̀ mú níbi tó ti tẹ̀, kí ara rẹ̀ dùbúlẹ̀ gbọọrọ, kí ojú rẹ̀ wà lápá ọ̀tún yín. Alọ́wọ́ òsì á yí i padà.

Ẹ fi ọwọ́ òsì di etí òwú mú, kí ẹ gbé òwú lé ara ìwọ̀, lẹ́yìn ìlẹ̀kẹ̀ gan-an. Ọwọ́ ọ̀tún tó di bọ́bìnì mú á máa yí i: kó gba òkè lọ sí òdìkejì, kó gba abẹ́ padà sọ́dọ̀ yín. Kí ìyípo kọ̀ọ̀kan máa gun orí etí òwú tí ẹ dì mú. Tó bá di mẹ́fà tàbí méje, òwú ti di ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ gé etí tó ṣẹ́kù. Ẹ máa wé e lọ sẹ́yìn, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, títí ẹ ó fi dé ọ̀gangan ibi tí ẹ̀gún ìwọ̀ wà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Irin ìwọ̀ ń yọ̀. Òwú yìí ni ìyẹ́ máa rí dì mọ́.

Ìrù niṣẹ́ wà. Ẹ mú ìyẹ́ marabou kan, kí ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Ọ̀pá wà láàárín rẹ̀, irun gígùn wà lọ́tùn-ún lósì. Ẹ yan èyí tí irun rẹ̀ rọ̀ dé òkè, tó ń mì bí ẹ bá fẹ́ atẹ́gùn sí i lásán. Ẹ fi ìka kan omi inú abọ́, kí ẹ fi pa irun náà pọ̀. Àwọn kan ń fi itọ́ ṣe é. Mi ò fara mọ́ ọn, torí aró wà lára ìyẹ́ náà, kò sì yẹ kó wọnú ẹnu. Bó bá ti tutù báyìí lẹ máa tó mọ bó ṣe pọ̀ tó. Kó nípọn tó igi ìṣáná kan. Ó máa jọ yín lójú pé ó kéré. Kò kéré.

Lọ́dún àkọ́kọ́ mi, odidi ìyẹ́ méjì ni mo ń dì mọ́ ìwọ̀ kan. Lórí tábìlì, ó kún, ó rọ̀, ó ń dán, ó sì ń wù mí wò. Nínú omi, kò jó rárá. Ó kàn ń tẹ̀ lé okùn bọ̀ bí àkísà ìnulẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo fi rò pé kò sẹ́ja nínú adágún yẹn. Ọjọ́ tí mo fi èékánná já ìdajì ìrù náà dànù létí omi ni ẹja àkọ́kọ́ gbé e.

Ẹ wọn ìrù náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀. Èyí tó máa yọ sẹ́yìn, kó gùn tó ara ìwọ̀, láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kẹ̀ dé ibi tí ìwọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Bó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹja á máa gé ìrù jẹ láìkan ìwọ̀, ìrù náà á sì máa lọ́ mọ́ ẹnu ìwọ̀ tí ẹ bá jù ú.

Dídì rẹ̀ ló ń fẹ́ sùúrù. Ẹ fi àtàǹpàkò òsì àti ìka ìfábẹ̀lá fún ìyẹ́ náà mọ́ orí ìwọ̀, níbi tí òwú yín dúró sí. Ẹ gbé òwú gòkè, kó bọ́ sáàárín ìka méjèèjì, kó dẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀, kó sì sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì, láàárín ìka náà ṣì ni. Ìgbà yẹn ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á sísàlẹ̀ gbọin. Ẹ má tú ìka. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó tú u. Bí ẹ bá tú ìka láìtó àsìkò, òwú á gbé ìyẹ́ yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀, ìjẹ náà á sì máa dojú dé nínú omi.

Ìdí ìyẹ́ tó ṣẹ́kù síwájú ńkọ́? Ẹ má gé e sídìí ìrù, torí á fi kókó síbẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ara ìwọ̀ títí dé ẹ̀yìn ìlẹ̀kẹ̀, kí ẹ wé òwú mọ́ ọn lọ síwájú, kí ẹ wá gé e níbẹ̀. Ara á dọ́gba láti ìdí dé orí. Bí ìrù bá gùn jù, èékánná ni kí ẹ fi máa já a díẹ̀díẹ̀. Àlùmọ́gàjí á gé orí irun náà dọ́gba bíi búrọ́ọ̀ṣì, kò sì ní jó bó ṣe yẹ.

Ara kò le tó ìrù. Ẹ wé òwú padà sídìí ìrù, kí ẹ tẹ́ etí òwú mohair sórí ara ìwọ̀, kí ẹ dì í mọ́lẹ̀ bí ẹ ṣe ń wé òwú lọ síwájú. Ẹ jẹ́ kí bọ́bìnì rọ̀ sẹ́yìn ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ wá mú mohair, kí ẹ máa wé e bọ̀ láti ìdí ìrù, kí ìyípo kan fara kan èkejì. Lẹ́yìn ìyípo kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìka tó tutù dárí irun rẹ̀ sẹ́yìn, kí ìyípo tó ń bọ̀ má baà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tó bá ku díẹ̀ kó kan ìlẹ̀kẹ̀, ẹ dúró. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún òwú. Àyè yìí ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í fi sílẹ̀, wọ́n á wá máa di òwú sórí irun, kò sì ní lẹ̀. Ẹ yí òwú lé mohair náà lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún, kó le dáadáa, kí ẹ tó gé mohair tó ṣẹ́kù.

Láti fi kókó parí rẹ̀, irinṣẹ́ kan wà fún un, whip finisher lorúkọ rẹ̀, àmọ́ ìka náà tó. Ẹ fi òwú yí ìka méjì ọwọ́ ọ̀tún kó di òrùka, tí òwú dábùú ara rẹ̀. Ẹ gbé òrùka náà gba ojú ìwọ̀ àti ìlẹ̀kẹ̀ kọjá, kí ẹ fa bọ́bìnì kó fún mọ́ ẹ̀yìn ìlẹ̀kẹ̀. Ìgbà mẹ́rin. Ẹ gé òwú. Ẹ fi orí abẹ́rẹ́ mú ẹ̀kán kútẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo, kí ẹ kàn án mọ́ òwú ibẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, á ṣàn wọ ojú ìwọ̀, á sì dí i. Ẹ jẹ́ kó gbẹ.

Bó bá ti gbẹ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha irun ara rẹ̀ jáde, láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ẹ gé irun tó yọ sókè àti èyí tó yọ sísàlẹ̀ kù, kí ẹ fi ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sílẹ̀. Pẹlẹbẹ ni eṣúṣú.

Ẹ gbé abọ́ omi yẹn wá

Ẹ fi ẹ̀mú di ojú ìwọ̀ mú, kí ẹ rì í sómi títí irun á fi mu omi yó. Ẹ fà á bí inṣi méjì, ẹ dúró. Ẹ tún fà á. Orí tó wúwo á rì bí ẹ bá dúró, á gbé ara sókè bí ẹ bá fà á, ìrù á sì máa tẹ̀ lé e bí ìgbì. Bí ìrù bá gan, ó pọ̀ jù: ẹ já díẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka fa ìrù jẹ́jẹ́ kí ẹ wò ó bóyá á yí lórí ìwọ̀. Bó bá yí, òwú dẹ̀. Ẹ tú gbogbo rẹ̀ kúrò, kí ẹ tún un dì. Ìwọ̀ àti ìlẹ̀kẹ̀ ṣì wúlò, ìyẹ́ díẹ̀ ló ṣòfò.

Ẹ di márùn-ún tó dúdú kí ẹ tó gbìyànjú àwọ̀ mìíràn. Ẹ̀karùn-ún ni ọwọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn rẹ̀, pupa tó ṣú bí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ dára, àwọ̀ ewé tó ti ń pọ́n náà dára.

Létí omi

Ní Pennsylvania, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 16 gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìpẹja, trout sì ní àṣẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ ṣèwádìí òfin ibi tí ẹ wà kí ẹ tó sọ okùn sómi.

Kókó olóòrùka, tí òyìnbó ń pè ní loop knot, ni kí ẹ fi so ìjẹ náà, èyí tí kò fún mọ́ ojú ìwọ̀ pátápátá, kí orí rẹ̀ lè máa mì fàlàlà. Ẹ jù ú sí etí ibi tí koríko omi ti parí tí omi ti ń jìn, kí ẹ sì jẹ́ kó rì. Mo máa ń ka ení, èjì, ẹ̀ta títí dé mẹ́wàá. Bí mo bá fà á tí koríko bá a wá, màá ka méje nígbà kejì. Ẹ fà á pẹ̀lú ọwọ́, inṣi méjì sí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún fà á. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kíkánjú fà á. Eṣúṣú kì í sáré.

Ìgbà tí ẹ bá dúró, tó ń rì, ni ẹja sábà máa ń gbé e. Kì í ṣe pé okùn á já mọ́ yín lọ́wọ́. Ó lè kàn wúwo díẹ̀, tàbí kí ẹ rí i tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ gbé ọ̀pá ìpẹja sókè lójú ẹsẹ̀. Ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn ti wọ̀ tí ojú omi ń ṣú, ni mo fẹ́ràn jù, torí ìgbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú ni ọ̀pọ̀ eṣúṣú máa ń jáde lábẹ́ òkúta.

Tí ẹ bá délé, ẹ má kó ìjẹ tó tutù sínú páálí kí ẹ sì dé e pa. Ìwọ̀ á dípẹtà, aró dúdú á sì ran àwọn ìjẹ funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ tò ó sórí aṣọ gbígbẹ lójú fèrèsé di àárọ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín yẹn tún irun rẹ̀ ha.